Ọ̀ràn Àtọ̀gbẹ àti Oúnjẹ Ilẹ̀ Wa

Ọ̀ràn tí àwa fẹ́ gbé ka iwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀ràn oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àkọtọ́ èdè wa tí ó ti gba ojú ewé yìí fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀ràn àìsàn ni. Àìsàn náà ni àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwa mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí àṣà àti èdè nínú iṣẹ́ àwọn dókítà? Ìdáhùn wa ni pé láti inú àwo oúnjẹ ni àìsàn yìí ti ń bá wa jà, ohun tí ó sì wà nínú àwo wa jẹ́ ara àṣà wa. Èyí tí ó burú jù ni pé ní orúkọ àṣà yìí kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ṣe ń kọ oògùn tí ì bá gbà wọ́n là. Bí a bá dákẹ́, a jẹ́ pé a fọwọ́ sí i.

Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí, wọ́n sì ti fún un ní orúkọ. Ẹni tí ó ń tọ̀ ní àtọ̀túntọ̀ títí ara rẹ̀ fi gbẹ ni wọ́n rí, ni wọ́n fi pè é ní àtọ̀gbẹ. Títí di òní ni àwọn àgbà ilé ń wí pé kí a wò ó bí èèrà bá ń ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ní ayé àtijọ́ rí ohun kan náà, wọ́n sì pè é ní ìtọ̀ oyin. Oyin kan náà ni ó wà nínú orúkọ tí àwọn òyìnbó fi èdè Látìnì sọ ọ́. Nítorínáà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún wa pé àìsàn òyìnbó ni. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pípọ̀ tí ó ń pọ̀ sí i láàárín wa.

Oríṣi rẹ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkíní a máa mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ ju àgbà lọ, ara wọn kò sì ní lè pèsè ínsúlìn mọ́ rárá. Èkejì, èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, ni ó ń mú àwọn àgbàlagbà jù, òun náà ni ó sì pọ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ọ̀nà tí yóò yé tọmọdé tàgbà. Iṣu, gàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ìfun, ṣúgà yìí a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlìn, tí ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn ikùn ń pèsè, ni oníbodè tí ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì wọ inú ẹran ara láti di agbára. Lára ẹni tí ó ní oríṣi kejì yìí, ilẹ̀kùn ti dípẹtà, agbára káká ni ó fi ń ṣí. Oníbodè náà sì ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ṣúgà yóò wá kún inú ẹ̀jẹ̀ bí ẹrù ọjà tí ó dé ẹnu bodè tí a kò jẹ́ kí ó wọ̀lú. Ibi tí ó dúró sí ni ó ti ń ba nǹkan jẹ́: àwọn iṣan tín-ín-rín inú ẹyinjú, kíndìnrín, ẹsẹ̀, ọkàn àti ọpọlọ.

Gbogbo èyí lè máa lọ fún ọdún púpọ̀ kí nǹkan kan tó dun ènìyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ibà a máa gbé ènìyàn dùbúlẹ̀, eyín a máa dun ènìyàn kí ó má lè sùn, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ a máa bá ènìyàn lọ sí ọjà, a bá a lọ sí òde ìnáwó, a sì bá a jó. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tí ì jẹun láti òru wò, tí ṣúgà inú rẹ̀ kò tó 100 mílígíráàmù nínú désílítà kan, ara rẹ̀ dá. Bí ó bá tó 126 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tún un wò ní ọjọ́ mìíràn tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ní 1992 ni a ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó tí ó di olóògbé ní 2020. Nígbà tí ìròyìn ìwádìí náà jáde ní 1997, àwọn àgbàlagbà tí a rí àtọ̀gbẹ lára wọn lé díẹ̀ ní 2 nínú 100. Nígbà tí ó fi di 2018, àwọn oníṣègùn kan kó ìwádìí púpọ̀ jọ sójú kan, wọ́n sì rí i pé iye náà ti súnmọ́ 6 nínú 100. Ní 1997 yìí kan náà ni ìwádìí mìíràn tún fi àwọn ènìyàn dúdú tí orírun wọn jẹ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wé ara wọn. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 2 nínú 100 ni ó ní àìsàn yìí. Ní àwọn erékùṣù Káríbíà, nǹkan bí 9. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 11. Àwọn ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń jẹ, ìṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe, àti bí wọ́n ti sanra tó ni ó yàtọ̀. Àwa tí a wà nílé ń gba ọ̀nà tí àwọn ará wa lókè òkun gbà lọ, a sì ń yára.

Èyí ni a fi ní láti dá àwọn ọ̀rẹ́ wa kan lóhùn, àwọn tí ó máa ń wí nínú ìpàdé pé, "Àwọn baba wa jẹ iyán, wọ́n jẹ ọkà, wọ́n sì dàgbà darúgbó, kí ni a ń bẹ̀rù?" Òtítọ́ ni pé wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Baba yìí ti rin máìlì mélòó kan lọ sí oko, ó ti kọ ebè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì tún fẹsẹ̀ rìn padà wálé. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ni ó gún iyán náà nínú odó, òun náà ni ó pọn omi tí ó fi sè é. Àwa ń jókòó sórí àga ní ọ́fíìsì láti agogo mẹ́jọ, a ń jókòó nínú mọ́tò fún wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, a dé ilé ní agogo mẹ́sàn-án òru, a sì jẹ iyán tí ó tó ti àgbẹ̀, a fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tì í, a sì sùn. Oúnjẹ baba wa ni a jogún, a kò jogún iṣẹ́ rẹ̀.

Bí a ti bá àwọn ará ilé wa wí, bẹ́ẹ̀ náà ni a ní láti bá àwọn oníṣègùn wí. Ìwé pélébé kan bọ́ sí wa lọ́wọ́, tí a ń fún àwọn alátọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ó ní kí aláìsàn máa jẹ ni búrẹ́dì àlìkámà, oats, èso àpù àti wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Ohun tí ó ní kí ó yẹra fún ni iṣu, gàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì àti àmàlà. Ìyá arúgbó tí ó ń ta epo ní ẹ̀bá ọjà, tí ó gba irú ìwé yìí, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ni yóò ṣe? Yálà kí ó máa febi pa ara rẹ̀, tàbí kí ó máa fi èrè epo rẹ̀ ra oúnjẹ àwọn òyìnbó, tàbí kí ó ju ìwé náà nù, kí ó sì ju oògùn tí a fún un pẹ̀lú rẹ̀ nù, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń jẹ, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ń ṣe òun? Ọ̀nà kẹta yìí ni púpọ̀ ń tọ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi tán.

Àìmọ̀ yìí náà ni ó bí ìtàn àlìkámà tí ó gbilẹ̀ láàárín wa, pé òkèlè àlìkámà ni oúnjẹ alátọ̀gbẹ, àti pé ẹni tí ó bá ti ń jẹ ẹ́ lè jẹ ẹ́ bí ó ti wù ú. Àlìkámà tí a lọ̀ di ìyẹ̀fun, sitáṣì ni. Bí ènìyàn bá gbé òkìtì rẹ̀ kalẹ̀, òkìtì sitáṣì ni ó gbé kalẹ̀, láti òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá. Bákan náà ni ti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. A gbọ́ pé kò ní ṣúgà nínú. Lóòótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tí ì pọ́n ní oríṣi sitáṣì kan tí kì í yára dà nínú ìfun, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbẹ ẹ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì rò ó nínú omi híhó, púpọ̀ nínú àǹfààní yìí ni ó ń bá iná lọ. Ó dára láti jẹ ẹ́. Kò dára láti jẹ ẹ́ tó ti ẹni méjì nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí, ó sì yẹ kí a mọ̀ pé oògùn a máa ní ìwọ̀n. Nínú 100 gíráàmù iṣu sísè, sitáṣì lé ní 25 gíráàmù. Ẹni tí ó bá jẹ iyán tí ó tó 400 gíráàmù, èyí tí kì í ṣe ohun ìyanu ní ilé olóúnjẹ wa, ti fi 100 gíráàmù ránṣẹ́ sí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn sì ni ìwọ̀n ṣíbí kékeré 25 tí ṣúgà kún. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n ìkúùkù rẹ̀ ni ó jẹ, tí ó sì jẹ́ kí ọbẹ̀ ju òkèlè lọ, ọ̀ràn yóò yàtọ̀. Nínú ọbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa wà, a sì fẹ́ràn láti dúró lé e lórí díẹ̀. Wo ewédú, wo ilá, wo ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ: àwọn wọ̀nyí kún fún èèrún tí kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wo gbẹ̀gìrì, tí ó jẹ́ ẹ̀wà. Wo ẹja, ẹ̀gúsí, ẹyin àti ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀ràn oúnjẹ nílùú òyìnbó ń wí lónìí pé kí ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, kí ìdámẹ́rin jẹ́ ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà, kí ìdámẹ́rin yòókù sì jẹ́ sitáṣì. Ìyá Ìbàdàn tí ó bu ewédú àti gbẹ̀gìrì sí àwo, tí ó sì fi àmàlà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ṣe ohun tí wọ́n wí. Ohun tí a ti ṣe ni pé a yí i padà: a sọ òkèlè di òkè, a sọ ọbẹ̀ di omi tí a fi ń rọ òkèlè lọ́fun.

Ẹ̀wà náà, tí àwọn kan ń fojú tín-ín-rín, jẹ́ ọ̀rẹ́ alátọ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín. Àkàrà dára bí epo rẹ̀ kò bá pọ̀. Ẹ̀kọ mímu tí a da ṣúgà sí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì funfun, a kò rí ohun rere kan sọ nípa rẹ̀. Ní ti epo, kì í ṣe ṣúgà, ṣùgbọ́n a máa mú ni sanra, ọ̀rá tí ó bá sì pọ̀ yí ikùn ká ni ó ń mú kí ilẹ̀kùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan dípẹtà.

Àwọn ohun mímu kò ní orí kankan nínú àṣà wa, nítorínáà kò sí ẹni tí yóò lè gbèjà wọn. Ẹlẹ́rìndòdò tí ó bá ní 10 gíráàmù ṣúgà nínú 100 mílílítà, ìgò rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ìdajì lítà ti ní 50 gíráàmù, èyí tí ó lé ní ṣíbí kékeré 12. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin ìnáwó ti 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Náírà 10, ẹ gbọ́! Ẹ sì jẹ́ kí a wo àṣà tuntun tí ó wọlé sí wa lára, pé bí a bá ń lọ kí ẹni tí ó wà ní ilé ìwòsàn, malt àti glúkóòsì alágolo ni a ń dì lọ́wọ́, kí ó lè ní agbára. A ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn alátọ̀gbẹ, a sì bá ìgò malt méje lábẹ́ ibùsùn náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìfẹ́ ẹni tí ó gbé e wá. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé ẹja yíyan àti ẹ̀fọ́ lọ?

Ó kù nísinsìnyí ọ̀ràn oògùn, èyí tí àwa mọ̀ pé yóò mú kí àwọn kan bínú sí wa nínú ẹgbẹ́. Àwọn tí ń wí pé oògùn òyìnbó ni májèlé, àti pé ewé àti egbò nìkan ni ó yẹ ọmọ Yorùbá, kí wọ́n fetí sí ìtàn oògùn tí a ń pè ní metformin, èyí tí àwọn dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ewé ni ó ti wá. Ewéko kan wà ní Yúróòpù tí ń jẹ́ galega, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń lò láti ayé àtijọ́. Àwọn onímọ̀ rí i pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ní oró bí ó bá pọ̀. Ní 1922 ni a pèsè metformin ní Dublin ní ilẹ̀ Áyálándì, ohun kan tí ó bá ti ewé náà tan ṣùgbọ́n tí kò ní oró rẹ̀. Ní 1957 ni oníṣègùn ará Faransé kan, Jean Sterne, fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ lára àwọn alátọ̀gbẹ. Amẹ́ríkà kò sì gbà á láyè títí di 1994. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n fi dán an wò! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ ní 1977 lára àwọn alátọ̀gbẹ tí ó lé ní 5,000, a sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 1998: lára àwọn tí ó sanra, àwọn tí ó lo metformin dáadáa, ikú tí ó tara àtọ̀gbẹ wá fi 42 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí a fi oúnjẹ nìkan tọ́jú.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín hóró yìí àti àgbo tí a ń tà ní ìdí ọkọ̀ kì í ṣe àwọ̀ ara ẹni tí ó ṣe é. Ìwọ̀n ni. A mọ iye tí ó wà nínú hóró kan, a mọ ohun tí yóò ṣe, a mọ ẹni tí kò yẹ kí ó lò ó. A ti rí i nínú ìwádìí pé ewúro mú ṣúgà wálẹ̀ lára eku. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n eku kọ́ ni wá, ẹnikẹ́ni kò sì tí ì fi yé wa pé ewé mélòó, ní ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, fún ènìyàn tí ó tóbi tó báwo. Ẹni tí ó fẹ́ gbé ewé wa ga, kí ó gbé e lọ sí ibi tí a ó ti wọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé tiwọn lọ. Kí ó tó di ìgbà náà, kí a máa jẹ ewúro nínú ọbẹ̀, kí a sì máa lo hóró. Ní ti àgbo tí a rẹ sínú ọtí, a kìlọ̀ gidigidi, nítorí pé ọtí lè já ṣúgà ẹni tí ó ń lo oògùn wálẹ̀ lójijì.

Metformin a máa da inú rú ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorínáà ni a fi ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, tí a sì ń ti orí díẹ̀ lọ sí púpọ̀. Púpọ̀ ń ju oògùn náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an kò gbọdọ̀ lò ó, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa yá hóró lò lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwọn oògùn kan wà tí ó yàtọ̀ sí i, bíi glibenclamide àti glimepiride, tí ń fi agbára mú oníbodè ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí dára, wọn kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò wọ́n tí kò sì jẹun wà nínú ewu: òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa dàrú, bí a kò bá sì tètè ṣe nǹkan, ó lè dákú. Ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣúgà nínú omi, bí ó bá ṣì lè gbé e mì, ni a ó fún un kíákíá, a ó sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé glibenclamide kò yẹ ẹni tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn àgbà wa púpọ̀ ṣì ń rà á fúnra wọn ní kẹ́míìsì. Àwọn Mùsùlùmí tí ń gba ààwẹ̀ Ramadan àti àwọn Onígbàgbọ́ tí ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbígbẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn.

Abẹ́rẹ́ ínsúlìn ni àwọn ènìyàn wa ń bẹ̀rù jù. Wọ́n ń wí pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ní abẹ́rẹ́ yìí, ikú rẹ̀ ti dé. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ní January 1922, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ni a kọ́kọ́ fi ínsúlìn tọ́jú, ó sì tún gbé ọdún mẹ́tàlá láyé. Ẹni tí ó bá kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ láàárín wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ó ti kọ̀ ọ́ títí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹrà kí ó tó gbà. Egbò ẹsẹ̀ yìí kan náà, láti ara èékánná tí a gé jù tàbí omi gbígbóná tí ẹsẹ̀ tí ó ti kú kò mọ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí alátọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́.

Àwọn kan yóò bi wá pé ǹjẹ́ àtọ̀gbẹ a máa lọ pátápátá? Ní 2017, ìròyìn jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé nínú àwọn alátọ̀gbẹ oríṣi kejì tí a fún ní oúnjẹ díẹ̀ gan-an fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún lábẹ́ àmójútó, tí a sì dá oògùn wọn dúró, 46 nínú 100 ni ṣúgà wọn ti padà sípò nígbà tí ọdún kan pé. Àwọn tí àìsàn náà kò tí ì pé ọdún mẹ́fà lára wọn ni a yàn. Ìrètí ńlá ni èyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kéde lórí rédíò pé ìgò mẹ́ta yóò wẹ àtọ̀gbẹ nù. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ padà sípò ṣì ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdọọdún, nítorí bí ara bá tún sanra, àìsàn yóò padà.

Owó ni òpin ọ̀rọ̀ fún púpọ̀. Láti 2023 tí náírà ti wálẹ̀ gan-an ni oògùn ti gbówó lórí, ní ọdún náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá láti òkè òkun kéde pé àwọn ń kó kúrò. Òfin 2022 sọ ètò ìlera adójútòfò di dandan, ṣùgbọ́n inú àpò ara wọn ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ṣì ti ń sanwó. Ẹni tí kò ní owó a máa lo hóró kan dípò méjì, a sì máa fo ọjọ́ kan.

Nítorínáà ni àwa fi ń béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa. Kí àwọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà àti oníkẹ́míìsì láàárín wa kọ ìwé oúnjẹ alátọ̀gbẹ ní èdè Yorùbá, lórí àmàlà, iyán, ẹ̀bà, ẹ̀wà àti ọbẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí ó wà nínú ilé wa, kí a sì fi í lọ àwọn ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dá àjọ oògùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá èésú, kí a lè máa ra oògùn pọ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì tí a gbẹ́kẹ̀ lé ní iye tí ó rọ̀. Kí a sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti lé ní ogójì ọdún wò ní ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún, kí wọ́n tó jẹun, kì í ṣe lẹ́yìn àsè. Iṣẹ́ ìwé náà yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta oúnjẹ, tí ẹ sì ní òṣùwọ̀n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wọn òkèlè àmàlà kan àti iyán kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń tà á, kí ẹ sì fi iye gíráàmù rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka yín kí oṣù tí ń bọ̀ tó parí.